Ẹni Tó Ń La Ọ̀nà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Myron Avery

 

Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ ìtàn gbajúmọ̀ kan tó ti di olóògbé, mo mọ̀ pé Olóyè Awólọ́wọ̀ tàbí Fágúnwà lẹ máa retí. Ẹ má bínú. Ẹni tí mo mú lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe Yorùbá, kì í tiẹ̀ ṣe ọmọ Nàìjíríà. Òyìnbó Amẹ́ríkà ni, lọ́yà ni, ó sì ti kú láti ọdún 1952. Orúkọ rẹ̀ ni Myron Avery. Iṣẹ́ tó ṣe ló jẹ́ kí n mú un. Òun ló kó àwọn èèyàn jọ, tí wọn ò gba kọ́bọ̀, tí wọ́n fi àdá, àáké àti ayùn la ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gba orí òkè lọ láti ìpínlẹ̀ Georgia títí dé ìpínlẹ̀ Maine. Ìdí kejì tún wà tí mo fi mú un. Èyí kàn mí gan-an, màá sọ ọ́ tí mo bá dé ìparí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Ìpínlẹ̀ 14 ló gbà kọjá. Lónìí, ó lé ní 2,190 máìlì, ìyẹn nǹkan bíi 3,500 kìlómítà. Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ rin láti Èkó dé Kánò, tó yíjú padà sí Èkó, tó tún gba Kánò lọ lẹ́ẹ̀kejì, kò tíì rin tó o. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Ọ̀nà tóóró ni, orí òkè ló wà, inú igbó ló sì ń gbà jù. Appalachian Trail ni wọ́n ń pè é.

Kì í ṣe Avery ló kọ́kọ́ ronú kan ọ̀nà yìí. Benton MacKaye ni. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nípa igbó ọba ni MacKaye, ọdún 1879 ni wọ́n bí i. Ní ọdún 1921, ìyàwó rẹ̀ ṣaláìsí, ìbànújẹ́ sì dorí rẹ̀ kodò. Láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ló gbé àbá kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn ayàwòrán ilé. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé ariwo ìlú ńlá àti iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ ti ń pa àwọn èèyàn lára, pé ó yẹ kí ọ̀nà kan wà lórí òkè tí òṣìṣẹ́ lè gbà láti fi sinmi, kí ó sì tún inú ara rẹ̀ rò. Àbá yẹn dùn létí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ní ọdún 1923, wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ ní Bear Mountain, ní ìpínlẹ̀ New York. Ní 1925, wọ́n ṣèpàdé ní Washington, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn ìpàdé, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ọ̀rọ̀ pọ̀, iṣẹ́ kéré. Fún bí ọdún méjì, ọ̀nà náà kò kúrò lójú kan. Arthur Perkins, adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú Hartford, ló wá gbé e nílẹ̀. Ẹni tó wá dúró tì í, tó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò yá mọ́, ni Myron Avery.

Ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 1899 ni wọ́n bí Avery ní Lubec, ní ìpínlẹ̀ Maine. Lubec ni ìlú tó wà ní ìlà-oòrùn jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Etí òkun ni, iṣẹ́ ẹja ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ náà ní ọpọlọ. Ó kàwé ní Bowdoin, ó sì lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Harvard. Nígbà tó ṣe tán, ó lọ bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́ ní Washington. Òfin ọkọ̀ ojú omi ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ wo nǹkan: ẹni tó ń fi òfin òkun jẹun ló wá fi òkè ṣe iṣẹ́ ọjọ́ ìsinmi.

Ní ọdún 1927, òun àti àwọn mélòó kan dá ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò orí òkè kan sílẹ̀ ní Washington, tí wọ́n ń pè ní Potomac Appalachian Trail Club. Avery ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, lọ́yà ni, ó wọ kóòtù ó wọ táì. Tó bá ti di Sátidé, ó ti wọ bàtà òkè, ó mú àáké, ó kó àwọn èèyàn sẹ́yìn, ó di Virginia. Nínú wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba wà, olùkọ́ wà, akọ̀wé wà, ọkùnrin wà, obìnrin wà. Kò sẹ́ni tó sanwó fún wọn. Owó ara wọn ni wọ́n fi wọkọ̀, oúnjẹ ara wọn ni wọ́n dì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kà nípa àáró àti ọ̀wẹ̀ ní kíláàsì, ẹ jẹ́ ká fi wé e díẹ̀. Nínú àáró, bí mo bá bá ọ ro oko lónìí, ìwọ náà á wá bá mi ro tèmi lọ́la. Nínú ọ̀wẹ̀, àna tàbí ará àdúgbò la ń ṣe é fún, a mọ̀ ọ́n, á sì fi oúnjẹ dá wa lọ́lá. Iṣẹ́ àwọn èèyàn Avery yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹni tí wọ́n ń ṣán ọ̀nà fún, wọn ò mọ̀ ọ́n. Bóyá wọn ò tíì bí i. Kò ní wá bá wọn ro oko kankan láéláé.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí èmi náà rò tẹ́lẹ̀ pé wọ́n kàn ń gé koríko ni. Àkọ́kọ́, ẹnì kan á lọ wá ibi tí ọ̀nà lè gbà, tí kò ní ga jù, tí kò sì ní rọ̀ sínú irà. Èkejì, wọ́n á gé igi kéékèèké, wọ́n á fà wọ́n sẹ́yìn kí wọ́n má dínà. Ẹ̀kẹta, wọ́n á kun àmì. Ọ̀dà funfun ni, íǹṣì méjì ní fífẹ̀, íǹṣì mẹ́fà ní gígùn, wọ́n á kùn ún sára igi tàbí òkúta, kí ẹni tó ń bọ̀ má baà ṣìnà. Ẹ̀kẹrin ló le jù: ìtọ́jú. Omi òjò ni ọ̀tá ọ̀nà orí òkè. Bí omi bá rí ọ̀nà gbà, yóò sọ ọ́ di kòtò láàárín òjò mélòó kan. Nítorí náà, wọ́n máa ń ri igi tàbí òkúta dá bú ọ̀nà ní ìdagẹ̀ẹ́rẹ́, kí omi tó ń bọ̀ lè ya sínú igbó. Ewé á sì dí ibẹ̀, wọ́n á tún padà wá kó o. Igi á wó, wọ́n á tún gbé ayùn. Ọdún kan péré tí ẹnikẹ́ni ò bá wá, igbó á gba ọ̀nà rẹ̀ padà.

Ohun tí Avery mọ̀ nìyẹn, tí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ní ìpàdé kò mọ̀. Nígbà tó di alága àjọ náà ní ọdún 1931, ó pín ọ̀nà náà sí wẹ́wẹ́. Níbi tí kò ti sí ẹgbẹ́, ó lọ ru àwọn èèyàn sókè kí wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n tún lè fún ẹnì kan ṣoṣo ní máìlì mélòó kan pé tìẹ nìyí, má jẹ̀ẹ́ kó kú. Ó ń kọ lẹ́tà lọ́sàn-án lóru. Ó kọ ìwé atọ́nà tó ń sọ ibi tí omi wà, ibi tí èèyàn ti lè sùn, àti ibi tí ọ̀nà ti yà.

Gbogbo ọ̀nà náà ló sì fẹ́ wọ̀n. Ó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, ríìmù àti táyà rẹ̀, tí wọ́n fi irin dì mú bí ẹni di ọmọlanke mú, pẹ̀lú aago kékeré kan tó ń ka bó ṣe ń yí. Ibi gbogbo tí Avery bá lọ, ó ń ti kẹ̀kẹ́ yìí síwájú: lórí òkúta, nínú ẹrẹ̀, lórí gbòǹgbò. Nínú àwòrán tí wọ́n yà á lórí òkè Katahdin ní Maine ní ọdún 1933, kẹ̀kẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òkè yẹn ga ju 5,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Nígbà tó fi máa di 1936, ó ti rin gbogbo ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó rìn ín tán.

Maine ló fún un ní wàhálà jù. Òkè New Hampshire ni MacKaye fi ṣe òpin ọ̀nà nínú àbá tó kọ́kọ́ mú wá. Igbó Maine tóbi, èèyàn ò sí níbẹ̀, àwọn kan sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Avery kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ ibẹ̀ ni, kò lè jẹ́ kí ọ̀nà náà dé ẹnu ibodè kó má wọlé. Ó rí olùrànlọ́wọ́: Walter Greene, eléré orí ìtàgé tó tún ń finimọ̀nà nínú igbó Maine, àti Helon Taylor, tó ń ṣọ́ ẹran igbó fún ìjọba. Wọ́n wá ọ̀nà gba ibi tó jẹ́ pé ẹranko ló mọ̀ ọ́n jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, kí n má bàa fi àwọn ayọ̀ǹda-ara-ẹni gba gbogbo ìyìn. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ìjọba Roosevelt kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ sí ibùdó, wọ́n ń sanwó fún wọn láti gbin igi àti láti tún ọ̀nà ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ yìí bá wọn ṣiṣẹ́ púpọ̀. Àwọn ló la máìlì tó gbẹ̀yìn, láàárín òkè Spaulding àti Sugarloaf ní Maine, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1937. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀nà náà so pọ̀ láti Georgia dé Maine.

Ní báyìí, mo ti dé ibi tó ṣòro láti sọ. Èèyàn líle ni Avery. Ó yára rìn, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí iṣẹ́ kò bá dára tó, yóò sọ ọ́ lójú ẹni náà, tàbí kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí yóò ta èèyàn bí agbọ́n. Ọ̀pọ̀ tó bá a ṣiṣẹ́ ló bọ̀wọ̀ fún un, àwọn mìíràn sì bá inú bíbí lọ sílé wọn. Ìjà tó burú jù ni èyí tó bá MacKaye jà.

Láti ọdún 1931 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la títì ọkọ̀ kan gba orí òkè Blue Ridge ní Virginia, tí wọ́n ń pè ní Skyline Drive. Títì yìí gba orí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí Avery àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn là. Inú bí MacKaye. Ó ní torí kí èèyàn lè sá fún ọkọ̀ ni wọ́n ṣe ń la ọ̀nà yìí, ọkọ̀ náà ló wá ń lé wọn bọ̀. Ó fẹ́ kí àjọ náà bá ìjọba wọ̀yá ìjà. Avery kò gbà. Lójú tirẹ̀, apá wọn kò ká ìjọba. Ìjọba ló ni òwò náà, ìjọba náà ló sì lè fún wọn ní ọ̀dọ́ tí yóò bá wọn la ọ̀nà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó sàn kí ọ̀nà yà díẹ̀ ju kó já lọ. Wọ́n kọ lẹ́tà síra wọn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ korò. Ní 1935, MacKaye àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ láti dáàbò bo igbó tí ọkọ̀ kò dé. Ọ̀rẹ́ òun àti Avery kò sì padà bọ̀ sípò mọ́ títí Avery fi kú.

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ta ló jàre? Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀yìn MacKaye ni mo wà. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé tí kì í bá ṣe Avery, àbá lásán ni àbá MacKaye ì bá jẹ́ títí dòní. Tí kì í bá sì ṣe MacKaye, Avery ò bá má mọ ìdí tí òun fi ń la ọ̀nà. Bí èèyàn méjì bá ń gbé igi kan náà, tí wọ́n wá ń bú ara wọn, igi yẹn á wúwo sí i ni.

Ayọ̀ ọdún 1937 kò sì pẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjì líle jà ní àríwá, ó wó igi bolẹ̀ lórí ọ̀nà náà lọ́pọ̀lọpọ̀ máìlì. Ní gúúsù Virginia, títì ọkọ̀ mìíràn tún gba ibẹ̀. Ogun àgbáyé kejì wá dé. Àwọn ọkùnrin lọ sógun, epo ọkọ̀ di ohun tí wọ́n ń pín níwọ̀n, kò sẹ́ni tó lè wakọ̀ lọ sórí òkè lọ gé koríko. Igbó gba ọ̀nà rẹ̀ padà bí ó ti máa ń ṣe. Nígbà tí ogun parí, Avery tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: lẹ́tà, àáké, ọ̀dà, kẹ̀kẹ́.

Ní ọdún 1948, ọmọ ogun kan tó ti ogun dé, Earl Shaffer, bẹ̀rẹ̀ láti Georgia. Ó rìn ín dé Maine láàárín ọjọ́ 124, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú sógun ló ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ló gbà tí kò rí àmì kankan. Síbẹ̀ ó dé òpin. Kí ó tó di ìgbà yẹn, àwọn tó la ọ̀nà náà gan-an kò rò pé ẹnikẹ́ni lè rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1951, àjọ náà tún lè sọ pé ọ̀nà náà ti so pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ara Avery ti ń ṣe é nígbà náà. Ọdún 1952 ló fi ipò alága sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún 21. Kò ju oṣù mélòó kan lọ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lẹ́nu ìrìn àjò ní Nova Scotia, ní ilẹ̀ Kánádà. Ibẹ̀ ló kú sí. Ọmọ ọdún 52 péré ni. MacKaye, tó fi ogún ọdún jù ú lọ, wà láyé títí di 1975, ó kú lẹ́ni ọdún 96. Ó rí ọdún 1968 tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dáàbò bo ọ̀nà náà. Avery kò rí i. Àmọ́ wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ṣóńṣó kan lórí òkè Bigelow ní Maine, ọ̀nà tó là sì gba ibẹ̀ kọjá.

Lónìí, nǹkan bí ẹgbẹ́ 30 ló pín ọ̀nà náà láàárín ara wọn, bí Avery ṣe fi lélẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń yọ̀ǹda ara wọn lọ́dọọdún, wọn ò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí ìjì Helene wó igi bo apá gúúsù ọ̀nà náà ní ọdún 2024, àwọn ni wọ́n gbé ayùn lọ. Láwọn ibi tí òfin kò ti fàyè gba ẹ̀rọ, ayùn ọlọ́wọ́ méjì ni wọ́n ń lò, ẹnì kan níhìn-ín, ẹnì kan lọ́hùn-ún, fà á wá, fà á lọ.

Ó wá ku ìdí kejì tí mo ní màá sọ. Gbogbo yín mọ ọ̀nà tó ti ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì gòkè lọ sí orí àpáta tí a ti ń ṣe Alẹ́ Àlọ́. Èmi ni ẹgbẹ́ fi ṣe olórí iṣẹ́ ọ̀nà yẹn lọ́dún yìí. Sátidé àkọ́kọ́, èèyàn 19 ló wá. Sátidé kẹrin, àwa mẹ́fà ni. Mo ń bínú kiri pé ọ̀lẹ ni yín. Mo kàwé nípa Avery, mo ń gbádùn rẹ̀, mo ń sọ pé ẹ wo bó ṣe rí, olórí tó mọ iṣẹ́. Àfi ìgbà tí mo dé ibi àwọn lẹ́tà yẹn. Ojú tì mí. Mo rántí àbúrò kan ní JSS2 tí mo sọ fún níwájú gbogbo yín pé ó di àdá mú bí ẹni di ṣíbí ọbẹ̀ mú. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn ò padà wá mọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí a ò sanwó fún, ọ̀rọ̀ ẹnu wa nìkan ló lè gbà lọ́wọ́ wa. Ọ̀nà tí Avery là gún régé, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ èmi ò ní ọpọlọ tirẹ̀, bóyá mo lè fi sùúrù dí i.

Mo ti lọ bá àbúrò náà ní yàrá rẹ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo sì ti pín ọ̀nà wa sí wẹ́wẹ́, láti ẹ̀yìn ilé ìdáná dé ibi igi máńgòrò, láti igi máńgòrò dé ibi tí omi ti ń gbẹ́ kòtò, àti láti ibẹ̀ dé orí àpáta. Ìpín tó wà níbi kòtò ni mo mú fún ara mi, òun ló le jù. Òkúta la fẹ́ tò sí i kí omi lè yà. Àbúrò mi yẹn ló mú ìpín igi máńgòrò.

Sátidé tó ń bọ̀, lẹ́yìn àyẹ̀wò họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo máa wà níbẹ̀. Ẹni tó bá lè wá, kó mú àdá rẹ̀ dání. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n dì mú, ẹ jẹ́ kó wá náà. A máa kọ́ ọ.

Ire o.